Àpótí Onídígí fún Onídán: Bí A Ṣe Ń Kàn Án, Tí A sì Ń Tú U Palẹ̀ Gbé Ròde

Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn àpótí tí a fẹ́ kàn yìí níwájú èrò, ohun tí wọ́n máa rí ni inú òfìfo, ògiri onílà pupa àti yẹ́lò, àti òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró láàárín. Ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín, ẹ tún un ṣí: òdòdó, aṣọ aláràbarà tàbí ẹyẹlé méjì ti kún inú rẹ̀. Àpótí náà ṣeé tú palẹ̀, ó ń wọ búùtù ọkọ̀ kékeré, ènìyàn méjì sì lè tò ó padà láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1865 ni Pepper àti Tobin gbé irú rẹ̀ jáde ní Royal Polytechnic, ilé ìfihàn sáyẹ́ǹsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n pè é ní Proteus, tiwọn sì tóbi débi pé ènìyàn ń dúró sínú rẹ̀. Tiwa kéré, nítorí onídán tó ń gbé ní Nyanya tàbí Kubwa, tó ní òde ní Wuse lónìí tó sì ń lọ Kàdúná lọ́la, kò lè máa háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Ènìyàn kì í wọ inú àpótí yìí o. Ọmọdé pàápàá kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀

Dígí méjì ló wà nínú àpótí. Ìdí ọ̀kan so mọ́ igun ẹ̀yìn lápá òsì, ìdí èkejì so mọ́ igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Etí wọn kejì wá pàdé lẹ́yìn òpó àárín, bí òrùlé ilé tí a dà dùbúlẹ̀, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí èrò. Ẹni tó wà níwájú rò pé ògiri ẹ̀yìn lòun ń wò, bẹ́ẹ̀ ògiri ẹ̀gbẹ́ ni dígí ń fi hàn án. Lẹ́yìn dígí méjèèjì ni ààyè onígun mẹ́ta kan wà tí ojú kò tó: 54 cm ní fífẹ̀, 27 cm ní jíjìn, 54 cm ní gíga. Ó gba nǹkan bíi lítà 39, ó ju kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan lọ dáadáa.

Nígbà tí àkókò bá tó, dígí méjèèjì á ṣí síwájú bí ilẹ̀kùn, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́. Ojú dígí ló máa kọ sí ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀, tí a ti fi ìlà kan náà bò, ni èrò máa rí.

Ìlà ara ògiri gan-an ló ń pidán. Dígí kàn ń gbé e láti ibì kan dé ibòmíì ni. Ẹni tó bá ra dígí olówó iyebíye tó wá kun ìlà wọ́gọwọ̀gọ, ọmọ ọdún mẹ́jọ á mú un. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwọ̀n ìsàlẹ̀ yìí kò fi ṣeé fojú bù.

Ohun tí ẹ máa rà

- Pílíwúùdù 9 mm, ṣíìtì kan (122 × 244 cm). Ọjà Dei-Dei ni ti ará Àbújá, Panteka ni ti ará Kàdúná. Ẹ wo ṣíìtì náà láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń wo ìbọn. Èyí tó bá ti tẹ̀, ẹ dá a padà.
- Dígí oníke 3 mm, méjì, 38.2 × 53.7 cm ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe síńbọ́ọ̀dù ló máa ń ní i.
- Híńjì kékeré 4 cm tí ọ̀pá àárín rẹ̀ ṣeé fà yọ, mẹ́fà. Híńjì lásán mẹ́rin fún ilẹ̀kùn.
- Áńgúlù irin kékeré 16, bóòtù 5 mm olórí pẹlẹbẹ 16, àti nọ́ọ̀tì abìyẹ́ 16 tó ṣeé fọwọ́ yí.
- Igi onígun mẹ́rin 1.8 × 1.8 cm, gígùn 54 cm, fún òpó. Igi pẹlẹbẹ 5 cm fún ìbòjú òkè.
- Àrán dúdú, yáàdì kan àbọ̀. Sítíkà tàbí ọ̀dà pupa àti yẹ́lò.
- Rọ́bà ìdí ṣòkòtò ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ọ̀pá irin 4 mm tí gígùn rẹ̀ tó 12 cm, silicone, iná LED 12V tó gùn tó mítà kan, bátìrì 12V kékeré.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí a ò lo dígí gidi. Ó mọ́ ju oníke lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n méjì tó nípọn tó 4 mm á wúwo ju kílò mẹ́rin lọ, nígbà tí oníke méjèèjì kò tó kílò kan àbọ̀. Gáálópù kan lójú ọ̀nà Kàdúná tó láti fọ́ ọ pẹ̀lú.

Páálí kó ṣáájú igi

Ẹ wá páálí tẹlifíṣọ̀n tàbí fíríìjì, ẹ fi ṣe gbogbo àpótí náà ní ìwọ̀n gidi kí ayùn tó kan igi. Ẹ ó rí i kedere bí dígí ṣe ń ṣí, ibi tó ti ń kọlu nǹkan, àti bóyá ẹyẹlé yín gba ibẹ̀.

Nígbà tó bá kan igi, ẹ bá káfíńtà sọ ọ́ yanjú pé sẹ̀ǹtímítà lẹ fẹ́, kì í ṣe íǹṣì. Ọ̀pọ̀ káfíńtà, ní Kugbo àti níbòmíì, íǹṣì ni wọ́n fi ń ronú. Ẹ sọ pé 54 cm, ọkùnrin náà á gé íǹṣì 21, èyí tó jẹ́ 53.3. Mìlímítà méje tó dín yẹn ti ba ìbáramu ìlà jẹ́ láti ìpìlẹ̀.

Gígé láti inú ṣíìtì kan náà: ilẹ̀ àti òrùlé, 55.8 × 54.9, ògiri ẹ̀gbẹ́ méjì, 54.9 × 54. Ògiri ẹ̀yìn kan, 54 × 54, tó máa wọ àárín ògiri ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀kùn méjì, 27.9 × 55.8, ìgbátí dígí méjì (pákó tí a máa lẹ dígí mọ́), 38.2 × 53.7. Nínú ìyókù ìsàlẹ̀ ṣíìtì, ẹ yọ ìtẹ́lé méjì (pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa lẹ̀ mọ́ apá iwájú ògiri ẹ̀gbẹ́), 15.75 × 54. Yàtọ̀ sí ìtẹ́lé, ààyè mẹ́jọ ni wọ́n máa gbà lórí ṣíìtì, méjì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn méjèèjì sì máa pín ààyè kan.

Ìgbátí dígí: ibi tí ẹ máa ti pẹ́ jù

Etí méjèèjì tó dúró lóòró lára ìgbátí kọ̀ọ̀kan, ẹ gé wọn ní dígírì 45, kí ojú tí dígí máa wà gùn ju ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí dígí méjèèjì bá pàdé láàárín, etí wọn á gbá ara wọn bí igun férémù àwòrán. Etí tó wà ní ìdí á sì tẹ́ pẹrẹsẹ sára ògiri ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi etí náà sílẹ̀ bó ṣe wà, igi á kọlu ògiri ẹ̀yìn kí dígí tó dé àyè rẹ̀, àlàfo dúdú á sì hàn láàárín.

Silicone lẹ máa fi lẹ dígí mọ́ igi. Ẹ ra èyí tí kò rùn bí ọtí kíkan: èyí tó ń rùn bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ ẹ̀yìn dígí, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ ó máa rí àbàwọ́n bí ojú adìẹ. Gọ́ọ̀mù àwọn onísọ̀bàtà náà kò dára, òun náà ń jẹ ẹ̀yìn dígí, tó bá sì ti gbẹ kò ní í jẹ́ kí dígí mí. Oníke ń fẹ̀ nínú ooru, ó ń sún kì nínú òtútù. Láti òwúrọ̀ ọyẹ́ dé ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, dígí yìí lè yí padà tó mìlímítà kan. Ohun tó bá so ó pa máa mú un wọ́, ìlà ara ògiri á sì máa rìn nínú rẹ̀ bí ejò.

Ẹ fa silicone ní ìlà márùn-ún lóòró, ẹ gbé dígí lé e, ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ gbé pákó mìíràn lé ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wá gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì lé e. Wákàtí 24. Lẹ́yìn náà ẹ fi sáńdípépà 120, lẹ́yìn rẹ̀ 240, ha etí dígí kó bá ìgé igi dọ́gba. Ọ̀rá tó bo ojú dígí, ẹ má tíì ṣí i. Ó di ọjọ́ ìdánwò.

Ìlà

Ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 4.5 cm. Igun ẹ̀yìn ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lórí ògiri ẹ̀yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun òsì pẹ̀lú ìdajì ìlà pupa, 2.25 cm, kí yẹ́lò, pupa, yẹ́lò, pupa, yẹ́lò tẹ̀ lé e, 4.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdajì pupa á kù kí ẹ tó kan àárín. Ẹ ṣe bákan náà láti igun ọ̀tún. Ìdajì méjì á pàdé láàárín, wọ́n á di odidi pupa kan. Lórí ògiri ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, ìdajì pupa ló wà ní igun ẹ̀yìn, kí ìlà mẹ́jọ tẹ̀ lé e. Ìyẹn gbé yín dé 38.25 cm, níbi tí etí dígí ń dé gan-an tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri. Ojúlówó ìdí tí a fi mú 54 nìyí: ìwọ̀n yìí ń jẹ́ kí etí dígí bọ́ sí ààlà ìlà, ojú á sì kà á sí ìlà.

Láti ibẹ̀ dé iwájú ni ìtẹ́lé 15.75 cm wà. Ẹ fi páálí líle 3 mm kún ẹ̀yìn rẹ̀ kó nípọn tó 12 mm, bíi ti ìgbátí àti dígí lápapọ̀. Dígí tó ṣí á wá jókòó sínú kòtò ara ògiri, ohun gbogbo á tẹ́jú. Yẹ́lò ló bẹ̀rẹ̀ lórí ìtẹ́lé, ìdajì pupa ló parí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbátí, ẹ gbé e lẹ̀ mọ́ ògiri kí ẹ tó fàmì sí i, kí ìlà rẹ̀ lè bá ti òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe déédéé.

Ilẹ̀ àti òrùlé, àrán dúdú ni. Àwọn kan fẹ́ràn ilẹ̀ olójú dírọ́ọ̀ftì, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìdí dígí máa gé ojú funfun rẹ̀ kọjá, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ á hàn. Irun àrán ń bo àlàfo 1 mm tó wà lábẹ́ dígí, kò sí ọ̀dà tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Òpó àti ìkọ́

Òpó kò gbọ́dọ̀ dúró ní títẹ́jú. Ẹ yí i kí igun rẹ̀ kan kọjú sí èrò, kí igun kan kọjú sẹ́yìn, bí ẹni gbé ṣúgà onígun dúró lórí igun. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ ní títẹ́jú, dígí kò ní í lè ṣí: etí rẹ̀ máa ń gba iwájú lọ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn òpó á sì dè é mọ́lẹ̀. Bí igun bá kọjú sẹ́yìn, etí dígí á yọ̀ lára rẹ̀ kọjá. Igun ẹ̀yìn òpó gbọ́dọ̀ jìnnà tó 27 cm sí iwájú àpótí, pẹ̀lú àlàfo 1 mm sí ibi tí dígí ti pàdé. Ẹ kùn ún ní pupa, ẹ gbé gílóòbù kékeré tàbí ọnà kan sí ara rẹ̀ kó ní ìdí tó fi wà níbẹ̀. Èrò kì í bi òpó tó ń ṣiṣẹ́ léèrè.

Híńjì: ewé kan lórí etí dídá ìgbátí, ewé kejì lórí ògiri ẹ̀yìn, orùn rẹ̀ nínú igun gan-an. Mẹ́ta fún dígí kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbẹ́ igi kí wọ́n rì wọlé. Nígbà tí dígí bá wà láàárín, wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó bá ṣí, wọ́n á hàn díẹ̀, nítorí náà ẹ lẹ aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bò wọ́n. Pupa náà ni ìlà igun, kò ní í yàtọ̀.

Ohun tó ń dá dígí dúró láàárín ni ọ̀pá irin 4 mm tí ẹ tẹ̀ bí fọ́ọ̀kì ẹlẹ́nu méjì, ẹnu rẹ̀ jìnnà síra tó 3 cm. Ó gba òrùlé kọjá, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì wọ ihò 5 mm tó jìn tó 2 cm lórí ìgbátí kọ̀ọ̀kan. Kí ihò má baà ṣìnà, ẹ pa dígí méjèèjì pọ̀ ní àyè wọn, kí ẹ fi dírílì gba òrùlé lu igi ìgbátí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọnà kan bo orí fọ́ọ̀kì lókè àpótí. Ẹ fà á sókè, dígí á bọ́.

Rọ́bà ló ń gbé dígí dé ògiri. Ẹ so ó láti orí ìgbátí, 12 cm sí etí iwájú, dé òkè ìtẹ́lé nítòsí iwájú àpótí. Igi pẹlẹbẹ 5 cm tí ẹ kàn sí òkè ẹnu àpótí ló ń bò ó. Rọ́bà tó le jù á gbá dígí mọ́ ògiri pẹ̀lú ariwo, èyí tó rọ̀ á dúró láàárín ọ̀nà. Ẹ lẹ àrán wẹ́wẹ́ mẹ́rin sí ara ògiri fún ariwo, kí ẹ sì fa fọ́ọ̀kì nígbà ogún pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ṣe é tún.

Ní ti kíkàn pọ̀, bóòtù gba inú wá síta, orí rẹ̀ rì sínú igi, ẹ fi àràlídáìtì lẹ̀ ẹ́ kó má yí, sítíkà bò ó. Áńgúlù wà níta, nọ́ọ̀tì abìyẹ́ lẹ ó máa fọwọ́ dì lọ́jọ́ òde.

Ìmọ́lẹ̀ àti ìdánwò

Ẹ lẹ LED sẹ́yìn ẹnu àpótí, ìdajì lápá òsì, ìdajì lápá ọ̀tún, kí ojú iná kọ sí ògiri ẹ̀gbẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba: apá tó bá mọ́lẹ̀ jù á jẹ́ kí “ògiri ẹ̀yìn” pín sí méjì. Bátìrì tirẹ̀ ló yẹ kó lò, nítorí iná gbọ̀ngàn lè lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e.

Ẹ wá gbé fóònù sórí àga kan, kí ẹ ya fọ́tò àpótí pẹ̀lú dígí láàárín. Ẹ má yí fóònù padà, ẹ ṣí dígí, ẹ tún ya á. Bí fọ́tò méjèèjì bá jọra, iṣẹ́ ti dé. Bí ìlà àárín bá nípọn ju ìyókù lọ, ìgbátí gùn jù tàbí kúrú jù. Bí ìlà bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lókè, híńjì kò dúró gbọọrọ. Ẹ tún ya á láti àga òsì pátápátá àti àga ọ̀tún pátápátá.

Lójú agbo

Ẹni tó bá ti kọjá dígírì 45 sí ọ̀gangan àpótí á rí etí dígí, ó sì lè rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ààyè wà, ẹ lo ìwọ̀n yìí: ẹ wọn mítà márùn-ún síwájú láti ẹnu àpótí, níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó ju mítà mẹ́rin lọ sí òsì tàbí ọ̀tún. Kí ìlà àga àkọ́kọ́ má sún mọ́ ju mítà mẹ́ta lọ.

Ní ilé ẹ̀kọ́, ní àyájọ́ ọmọdé May 27, èyí rọrùn, àwọn olùkọ́ á tò wọ́n. Ní ayẹyẹ ìgbéyàwó ni wàhálà wà: àwọn tó fẹ́ náwó á gun orí ìtàgé, oníkámẹ́rà á yí yín ká pẹ̀lú iná rẹ̀. Ẹ bá alága àti oníkámẹ́rà sọ̀rọ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ògiri tàbí aṣọ gbọọrọ wà lẹ́yìn yín. Ẹ sọ fún DJ kó yí iná aláràbarà rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àpótí. Bí iná kan bá bà dígí, ojú ìmọ́lẹ̀ á hàn lára ògiri níbi tí kò yẹ kó wà.

Nígbà tí dígí bá wà láàárín, ọwọ́ yín lè wọlé tààrà láti iwájú, kó sì gbá òpó kó-kó-kó. Ó ń múni gbàgbọ́ gan-an. Kó má kọjá òpó, kó má sì yà sí ẹ̀gbẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọwọ́ méjì ni èrò máa rí.

Kíkó ẹrù: ẹ kó o sínú kí ẹ tó pa dígí, kí ó jìnnà sí igi ìgbátí tó 2 cm. Ẹ fi ìka yẹ ibi tí dígí ti pàdé wò látòkè dé ìsàlẹ̀. Etí aṣọ funfun kékeré tó bá há síbẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ló máa rí i. Bó bá jẹ́ ẹyẹlé, ẹ lu ihò 1 cm mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn, ẹ kó wọn sínú nígbà tí ètò yín bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì pa ìyẹn tì pátápátá ní ọ̀sán oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe. Ẹyẹ tí ooru mú kò ní í fò, ó lè kú.

Ọyẹ́, ooru àti ọ̀nà

Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń fà mọ́ oníke bí ìgbà tí a pè é. Aṣọ kíki tó gbẹ máa ń fi kún un, ó sì ń ha dígí. Ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ rin aṣọ tó rọ̀, ẹ nù ún láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi sípíríìtì tàbí pẹtiróòlù kàn án, ó máa ń là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Igi náà ń sún kì nínú ọyẹ́, nítorí náà ẹ tún nọ́ọ̀tì gbogbo dì ní oṣù Ọ̀pẹ́, kí ẹ sì yẹ àlàfo àárín wò.

Tí ẹ bá ń tú u, ẹ fa ọ̀pá híńjì yọ, kí ẹ yọ ìgbátí méjèèjì lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú wọn má ṣe kọ síra. Nínú ọkọ̀, òró ni kí wọ́n dúró, láàárín pákó méjì. Dígí tí a tẹ́ sílẹ̀ tí ẹrù gun orí rẹ̀ láti Àbújá dé Kánò ti tẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa sínú oòrùn. Ẹ gbé e wọlé pẹ̀lú yín, kí ẹ tó wá oúnjẹ.